Kẹ́ẹ̀gì Àlùwàlá

Ọkùnrin kan wà ní Jane and Finch, ní Toronto, tó ń jẹ́ Salahudeen, ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Dẹ́rẹ́bà tírélà ni. Kò ga, kò sanra, kò sí ohun kan lára ẹ̀ tí èèyàn á torí ẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àfi ẹnu. Ẹnu Salahudeen mú bí abẹ. Ó ń bá ọkọ̀ jà, ó ń bá títì jà, ó ń bá yìnyín jà, bí ẹ bá sì jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á ti bá ẹ̀yin náà jà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe yín, òun lẹ ó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Kàfáyàtù ìyàwó ẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, máa ń sọ pé, "Ọlọ́run tó fún Bàbá Hikmat lẹ́nu, òun náà ló fún un ní eékún tó fi ń bẹ̀bẹ̀."

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ há a mọ́ ìlú Pickering nínú oṣù Fẹ́búárì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mọ bó ṣe há, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó so ó mọ́lẹ̀.

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ìjọba fún Salahudeen, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló dárúkọ, ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Bramalea. Bí wọ́n bá lé e níbẹ̀, ìwé náà ti di pépà tí wọ́n fi ń di àkàrà nìyẹn. Ìwé ìgbélùú tòun ti Kàfáyàtù àti Hikmat ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ìjọba, ó ku oṣù mẹ́rin kí èsì dé, lẹ́tà ilé iṣẹ́ yìí ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Nítorí náà, Salahudeen tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, kì í dá ilé iṣẹ́ lóhùn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ tó lẹ́rù nínú sílẹ̀, kò fi sílẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà kékeré kan sókè gíláàsì iwájú, tó ń wo ojú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí kámẹ́rà kò sì rí ojú dẹ́rẹ́bà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá. Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, á kọ́kọ́ máa ké. Dẹ́rẹ́bà kan lọ jẹun, ó fi àádọ́ta ìṣẹ́jú jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di ẹni tó ń wáṣẹ́. Salahudeen máa ń sọ fún Kàfáyàtù pé, "Ẹlẹ́wọ̀n ni mí, táyà méjìdínlógún ni wọ́n kàn fi ń gbé tèmi kiri."

Ẹni tó fi ṣe bàbá ní ìlú yìí ni Alhaji Abdulmajeed. Ọjọ́ tí Salahudeen dé, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pẹ̀lú báàgì kan àti kóòtù tí kò lè lé òtútù Ìsẹ́yìn gan-an, Alhaji ló wá pàdé ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọn ò mọra rí. Wọ́n kàn gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ Ìsẹ́yìn kan ń bọ̀, kò ní ẹnìkan. Oṣù márùn-ún ni Salahudeen fi sùn nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ní Bramalea. Alhaji kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lórí yìnyín, wọ́n kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbé ẹnu ẹ̀ jẹ́ẹ́ níwájú òyìnbó, wọ́n sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ ó gbọ́ nípa kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ṣé ẹ mọ ajílẹ̀ yúríà tí àwọn àgbẹ̀ ilé wa ń dà sẹ́sẹ̀ àgbàdo? Òun náà ni wọ́n yọ́ sínú omi gaara, tí wọ́n rọ sínú kẹ́ẹ̀gì, tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní dẹ́fù. Tírélà òde òní ní táǹkì kékeré kan tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ búlúù, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kó dára tó, gáàsì olóró kan wà nínú èéfín ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní náítírójìn ọ́kísáìdì, ó ń ta èèyàn lọ́fun, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí èéfín bá ti ń gba inú salẹ́ńsà kọjá, ẹ̀rọ á fín dẹ́fù sí i, oró á sì kúrò nínú gáàsì yẹn, á di afẹ́fẹ́ lásán àti ooru omi. Bí dẹ́fù bá tán, tàbí tí ẹnìkan da nǹkan mìíràn síbẹ̀, ọkọ̀ á mọ̀. Á kìlọ̀ fún ẹ, á ka wákàtí fún ẹ, bó o bá ṣorí kunkun, á dín agbára ara ẹ̀ kù títí á fi máa rìn bí ìgbín. Òfin ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n Alhaji wá ni pé kẹ́ẹ̀gì dẹ́fù tó bá ti tán, kéèyàn má sọ ọ́ nù. Ó ní ọwọ́, ó ṣe é dà, kì í bẹ́ nínú òtútù. Fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, bu omi àlùwàlá sí i, gbé e sẹ́yìn ìjókòó, torí ibi tí àdúrà máa ń ká dẹ́rẹ́bà mọ́, kò sí omi níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sí i lára o," Alhaji á ní. "Kọ OMI sí i gàdàgbà gadagba. Dẹ́fù àti omi, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀." Salahudeen kò kọ ọ́. Ó ní apá ọ̀tún ni omi òun ń gbé, apá òsì ni dẹ́fù, ṣé òun ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ni? Gbogbo ìgbà tí Alhaji bá gun ọkọ̀ náà, wọ́n á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Salahu, ṣé o ti kọ ọ́ sí i?" Òun náà á dáhùn pé, "Bàbá, ọ̀la." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn.

Ká má parọ́ mọ́ òkú, Alhaji fúnra wọn kò fìgbà gbogbo bọ̀wọ̀ fún dẹ́fù. Mẹkáníìkì ni wọ́n, Ìwó Road ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ẹ sì mọ mẹkáníìkì wa: ohun tí kò bá yé e, yíyọ ni. Á yọ tẹmọsítáàtì, á ní ìlú wa gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe. Á bá wáyà kan tí kò mọ̀dí, á gé e, ọkọ̀ á ṣì máa lọ, á ní ẹ rí i, òyìnbó kàn fẹ́ràn wàhálà ni. Ọwọ́ yìí ni Alhaji gbé dé Canada. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín dé sára tírélà, àwọn olówó ọkọ̀ ń yọ́ wá bá wọn ní gáréèjì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn gé e kúrò. Alhaji gé e. Wọ́n gé e títí òkìkí wọn fi kàn. Bí òtútù bá dé, wọn kì í lè ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, inú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tan ẹ́ńjìnnì wò. Nígbà tó yá, ikọ́ dé. Lẹ́yìn ikọ́, èémí kò tó wọn mọ́. Dókítà kò sọ pé èéfín ni, kò sì sọ pé èéfín kọ́. Alhaji ló dá ara wọn lẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ kan tí Salahudeen lọ kí wọn ní ọsibítù, tí rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú wọn, wọ́n ní, "Salahu, èéfín tí mo tú sílẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ mu nínú ẹ̀. Àwọn tó mu ìyókù, n ò mọ̀ wọ́n, n ò lè lọ bẹ̀ wọ́n." Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ìwọ ni kó o gbé mi wọ ilẹ̀, ìwọ àti Alameen ọmọ mi. Má jẹ́ kí àlejò gbé mi."

Salahudeen ní, "Bàbá, èmi ni máa gbé yín sílẹ̀, lágbára Ọlọ́run." Ó sì wò ó pé ìlérí yẹn rọrùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè ni Alameen pè. Salahudeen wà ní ibùdókọ̀ tírélà kan lẹ́bàá Cornwall, ó ń bọ̀ láti Montreal, abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni Alameen, ó ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó ló fi ń fèsì. "Daddy's gone, Uncle Salah," ló wí. Wọ́n á kírun sí wọn lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì lọ́jọ́ kejì, ní aago kan ààbọ̀, ní ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín oko lókè Pickering.

Salahudeen sunkún. Lẹ́yìn náà ó pe Oyèbísí, ọmọbìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn dẹ́rẹ́bà ní ọ́fíìsì. Ìwé ló bá wá sí Toronto, iṣẹ́ ló mú un dúró.

"Háà! Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Uncle," ni Oyèbísí wí. "Ojú ọ̀nà yín náà ni. Ẹ gbé ọkọ̀ wọ ọgbà wọn, kẹ́ ẹ lè máa rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ o, mo bẹ̀ yín. Tí kámẹ́rà bá fẹjọ́ sùn, kì í ṣèmi ló ń fi sùn, àwọn ọ̀gá ni."

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó mi," ni Salahudeen dáhùn. "Ìgbà tí mo bá gbé wọn sílẹ̀, tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i, mo ti ń bọ̀."

Kò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó fa jalamíà funfun tó fi ń kí Jímọ̀ jáde, ó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ìjókòó kó má bàa rún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sílẹ̀ kí àyè lè gbà á, ó tẹ́ aṣọ, ó dá kẹ́ẹ̀gì padà. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣe àlùwàlá níta, nítorí náà ilé ìwẹ̀ ibùdókọ̀ ló ti fi omi gbígbóná ṣe é, ó kírun, ó jókòó sídìí ọkọ̀. Iná búlúù tàn níwájú ẹ̀: dẹ́fù ti ń tán. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dà á tán sínú táǹkì onídèérí búlúù. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀ bó ṣe ń dà á. Ó wọkọ̀, ó gbéra.

Kò tíì dé Kingston tí iná pupa tàn. Ọkọ̀ ní dẹ́fù tó wà nínú òun kò dára. Ọkọ̀ ní wákàtí mẹ́rin péré lòun fún un.

Áà, ẹ bá wá gbọ́ èébú! "Ìwọ irin lásánlàsàn," ni Salahudeen wí, "èmi tí mo dà á sí ẹ lẹ́nu ní wákàtí kan sẹ́yìn! Òpùrọ́! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi irọ́ jó nírin!" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo dẹ́rẹ́bà ń sọ, pé irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn máa ń pa, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣírò ọ̀nà, ó rí i pé wákàtí mẹ́rin lè gbé òun dé ibi ìsìnkú bí títì bá dára. Ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n agbára ọkọ̀ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn mọ́tò kéékèèké ń fò ó kọjá, ó ń bú àwọn náà.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dé Pickering. Ó ku ju wákàtí méjì lọ kí wọ́n kírun. Ó wá dá ọgbọ́n kan, ọgbọ́n tó pa á. Ó ní bí òun bá fa dẹ́fù tuntun díẹ̀ lé e lórí, bóyá ẹ̀rọ òpùrọ́ yìí á pa ẹnu ẹ̀ dé. Ó yà kúrò lórí títì 401, ó wọ ilé epo kan, ó pa ẹ́ńjìnnì torí òfin ilé epo ni, ó fa díẹ̀ sí i. Wákàtí mẹ́rin kò tíì pé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa ọkọ̀ tó ti kìlọ̀ báyẹn nílé epo, kì í dúró de èyí tó kù mọ́. Nígbà tó tan ọkọ̀ padà, ọkọ̀ ní ó tó. Ó tẹ ìtẹ̀ ẹ́ńjìnnì kanlẹ̀, ariwo ń sọ, ṣùgbọ́n kìlómítà mẹ́jọ ní wákàtí ni ọkọ̀ gbà láti rìn, kò lé ẹyọ kan. Ìyá arúgbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà yà á sílẹ̀. Bó ṣe wọ́ tírélà dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé epo nìyẹn, ó sì dúró síbẹ̀.

Ibi ìsìnkú ku kìlómítà méjìlélógún. Ó ṣírò ẹ̀. Bí ó bá wọ́ ọ lọ, á gba wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀, tí ọlọ́pàá kò bá tilẹ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà. Ó ro takisí: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní àlọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní àbọ̀, láìtíì ka ìsìnkú fúnra ẹ̀. Ó gbójú sókè, kámẹ́rà ń wò ó. Ó pe Oyèbísí. Oyèbísí pe àwọn ọ̀gá, ó pè é padà: mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ kò lè dé kó tó di aago márùn-ún. "Uncle, ẹ má kúrò nídìí ọkọ̀ o. Abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ní kí n sọ fún yín." Salahudeen ní ó ti yé òun.

Ó jókòó. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i bó ṣe jókòó. Aṣọ funfun wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ tó lè fa àpáta wà lábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pé, ilẹ̀kùn kò sì tì. Síbẹ̀ kò lè lọ. Ó wá ń ṣe é bíi pé àyè èémí inú ọkọ̀ ń dín kù. Ìgbà yẹn ló rántí Jùwọ́n.

Kò sí dẹ́rẹ́bà Yorùbá tí kò mọ Jùwọ́n. Ọmọ Òṣogbo ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, kọ̀ǹpútà ni spánà ẹ̀. Bí Alhaji ṣe ń fi ayùn gé e láyé ijọ́sí, Jùwọ́n ń fi kọ̀ǹpútà gé e. Á so wáyà mọ́ ọkọ̀, á pàṣẹ fún un pé kó gbàgbé pé ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín wà lára ẹ̀, ó tán. Ó lòdì sófin, gbogbo wọn ló mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò yéé pè é. Scarborough ló wà lọ́jọ́ náà. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré," ni Jùwọ́n wí, ó ti ń so wáyà. "Aago kan, ẹ ti wà lójú títì."

Ara tu Salahudeen. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣoore fún ẹ. Jẹ́ kí n ti ṣe àlùwàlá sílẹ̀, kí n lè bọ́ sẹ́yìn ìmáàmù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Ó fa kẹ́ẹ̀gì omi láti apá ọ̀tún, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó dà á sọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó bù ú sẹ́nu, ó yọ ẹnu.

Ó tu ú dànù! Ó korò, ó sì ń ta á láhọ́n. Ó gbé ọwọ́ símú, òórùn ilé ìtọ̀ ni. Ọwọ́ ẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo táǹkì onídèérí búlúù, ó tún wo kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo ẹ̀ wá hàn sí i kedere: jalamíà, kẹ́ẹ̀gì tó gbé sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tó dá padà, ọ̀tún tó di òsì. Omi àlùwàlá ló dà fún ọkọ̀ mu. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀rọ tó ń pè ní òpùrọ́ láti Kingston, òtítọ́ ló ń sọ fún un.

"Yéè! Mo gbé!" ni Salahudeen ké.

Jùwọ́n sáré bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á, kó tó rí ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó pa ẹ̀rín mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́."

"Tí a ò bá gé e ńkọ́? Tí a bá fa omi yẹn jáde, tí a da dẹ́fù gidi sí i?"

"Táǹkì á gbẹ, a ó fọ̀ ọ́, a ó da dẹ́fù sí i, ẹ̀rọ á yẹ ara ẹ̀ wò kó tó gbà. Wákàtí mẹ́ta. Ẹ ti pàdánù Bàbá nìyẹn."

Salahudeen wo aago.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ ká gé e lónìí, kẹ́ ẹ lọ sin Bàbá. Ọ̀la, màá wá sí Bramalea, màá dá a padà bó ṣe wà. Ọ̀la péré. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ó fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ara ẹ̀ ló fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ó la ẹnu láti sọ pé ó yá, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ kò jọ ìyẹn.

"Ọ̀la," ni Salahudeen wí. "Mo mọ ọ̀la yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ́ fún Bàbá." Ó nu ojú. "Ohun tí wọ́n fi ń sunkún kí wọ́n tó kú ni gígé tí wọ́n gé e. Ọwọ́ tí mo máa fi gbé wọn sílẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e tán. Fa omi yẹn jáde, Jùwọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá ní ká fà á, ẹ ò ní fọwọ́ gbé wọn mọ́ o."

"Mo ti gbọ́. Fà á."

Jùwọ́n mi orí, ó bú ayé, ó lọ mú rọ́bà àti báfù. Wọ́n dojú iṣẹ́ kọ ọ́. Ìka wọn gan paali. Jùwọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ kóun dúró ti ọkọ̀, kí wọ́n fi takisí lọ. Salahudeen ní, "Ojú ẹ kọ́ ni kámẹ́rà yẹn mọ̀." Ní ogún ogún ìṣẹ́jú, á gun òkè lọ fojú hàn án, bí ọmọ iléèwé tó ń dáhùn orúkọ, á tún sọ̀kalẹ̀ sínú yìnyín. Jùwọ́n ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Aago kan ààbọ̀ kọjá díẹ̀, fóònù dún. Alameen ni.

"Uncle Salah, where are you? Everybody's waiting."

"Alameen, mo wà ní Pickering, ọkọ̀ há mi mọ́ ilé epo. Ẹ̀bi mi ni. Omi ni mo dà síbi dẹ́fù. Ẹ̀bi ẹnìkankan kọ́."

Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú fóònù. "You promised him."

"Mo ṣèlérí," ni Salahudeen wí. "Mo ṣèlérí, n ò sì lè dé. Ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé wọn sílẹ̀."

"With who? Who's going to take the other side?"

"Wá ẹnìkan tó mọ̀ wọ́n."

"The ones who knew him are all old men, Uncle. They can't go down there." Ohùn ọmọ náà já. "It's just guys from the mosque. I don't even know their names."

Má jẹ́ kí àlejò gbé mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Salahudeen lára dé egungun. Ó ní kí Alameen má pa fóònù, kó fi sí àpò. Ó bu yìnyín sọ́wọ́, ó fi pa ọwọ́ títí ó fi yọ́, ó fi yọ ẹnu, ó fi bọ́jú, ó ṣe àlùwàlá ẹ̀ pé. Ó gbé fóònù ka orí táyà, ó dúró níwájú ẹ̀, ó kírun sí Bàbá lára láti ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ pé rọra, rọra, dì í mú. Ó gbọ́ yẹ̀pẹ̀ tó ń bọ́. Ó sunkún bí ọmọdé, kò fi pamọ́. Jùwọ́n, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, bọ́ fìlà, ó dúró tì í.

Aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ tó gbà. Dẹ́fù inú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tún, tó fi yọ ẹnu lọ́sàn-án, òun náà ni wọ́n dà sí i. Ọkọ̀ mí, iná pupa kú, ohun tó ń jáde lẹ́nu salẹ́ńsà kò ju ooru funfun lọ. Salahudeen dì mọ́ Jùwọ́n. Kó tó gbéra, ó wọ ilé epo, ó ra bírò dúdú ẹlẹ́nu nínípọn kan, ó bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì omi tó ti ṣófo.

Oyèbísí ti gbà fún un kó yà níbẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìsìnkú, aago mẹ́rin ti kọjá, wọ́n ti ti géètì. Kò sẹ́nì kankan. Ó tan iná ìkìlọ̀ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó rìn lọ sídìí ọgbà onírin. Ibojì tuntun kan ṣoṣo ló wà, kò ju ogójì ẹsẹ̀ lọ sí i, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dúdú láàárín yìnyín. Ó di irin mú. Ó ka gbogbo àdúrà tó mọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n forí ji òun, àlejò ló gbé wọn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Salahudeen gbé kẹ́ẹ̀gì sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sún mọ́ irin, ó kọ ojú ẹ̀ sí ibojì kí lẹ́tà mẹ́ta tó wà lára ẹ̀ lè hàn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ wò ó. Mo ti kọ ọ́ sí i."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó padà gun òkè lọ fojú han kámẹ́rà.